Àgbò Bàbá Mi àti Ìdọ̀bálẹ̀ Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ bá rí ọkọ mi lónìí nígbà tó bá fẹ́ kí bàbá mi, tí ẹ rí i pé ó kọ́kọ́ ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kó tó wá wo ẹni tó fẹ́ kí, ẹ má rò pé ìgbéraga ni. Ojú rẹ̀ ló ti rí nǹkan. Nígbà tí àwọn ìbejì wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó lọ kí àna rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìkíni náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di opó lọ́mọdé. Ó ti pẹ́ tó báyìí tí a lè fi rẹ́rìn-ín. Òun pàápàá ti fún mi láyè kí n sọ ọ́, bí mo bá ṣáà ti lè sọ fún yín pé àgbò náà tóbi. Ó tóbi.

Ilé bàbá ọkọ mi ní Mákùn, nínú Ṣàgámù, là ń gbé. Obì ni ọkọ mi ń tà. Àwa obìnrin ilé a máa jókòó yí apẹ̀rẹ̀ ká, a ó ṣa obì, a ó fi ewé wé e, òun a sì kó o lọ bá àwọn Haúsá ní Sàbó. Ilé onígbàgbọ́ ni. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ìyá ọkọ mi ti máa ń kọrin ìyìn, bí o kò bá tíì jí, orin náà á jí ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ìmàle ni èmi, àgbẹ̀ sì ni bàbá mi ní Ṣímáwà. Nígbà tí ọkọ mi wá tọrọ mi, ìyá rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà. Wọn ò sọ pé mo burú o. Wọ́n ní ilé tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀ fún odidi oṣù kan ni àwọn ń bẹ̀rù, nítorí pé ọmọ àwọn kò lè fara da ebi. Nígbà tó yá, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù lọ́bẹ̀ mi, wọ́n á rọra wojú ọmọ wọn, wọn ò ní sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi wá mú un bí iṣẹ́ pé òun ni yóò fi hàn pé ilé àna òun dára. Bó bá ti Ṣímáwà dé, ìyìn ni. Ìgbà tó bá sì lọ síbẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ni. Àwọn ọkùnrin ìgbà náà ti ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀ lásán, bí ẹni tó fẹ́ mú obì tó jábọ́. Ọkọ mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Ìdọ̀bálẹ̀ tèmi," ni ó máa ń wí, "àyà ní í kan ilẹ̀." Àwọn ìyàwó ilé a sì máa yẹ àyà bùbá rẹ̀ wò bó bá dé, bóyá erùpẹ̀ Ṣímáwà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á ní, "Ọkọ wa, ẹ rọra o, kí ilẹ̀ ibẹ̀ má gbà yín lọ́wọ́ wa."

Mi ò ní parọ́, kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ló ń gbé e lọ. Ìyá mi mọ ìkọ́kọrẹ́ sè. Bí wọ́n bá rin ewùrà, tí wọ́n da ẹja gbígbẹ àti edé sí i, òórùn rẹ̀ á bá ọ lójú títì. Nítorí náà, bí ọkọ mi bá máa lọ sí Ṣímáwà lọ́la, kò ní jẹun lálẹ́ òní. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní fẹnu kan ẹ̀kọ. Mo sọ̀rọ̀ títí. Ó ní ẹni tó ń lọ sí oko ìkórè kì í gbé apẹ̀rẹ̀ tó kún dání.

Bàbá mi ní àgbò kan tí wọ́n ń sìn de Iléyá. Funfun ni, àfi orí tó dúdú, ìwo rẹ̀ sì ti lọ́ po yí etí ká. Wọ́n so ó mọ́ ìdí igi ọsàn tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ mi kì í kọjá lára rẹ̀ láì ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Á pè é ní Ọ̀gá. Á bi í léèrè bóyá ó ti ń palẹ̀ mọ́, nítorí pé Iléyá ń bọ̀. Á fi ọwọ́ gbá a níwájú orí, á rẹ́rìn-ín, á kọjá. Ẹran kì í fọhùn, àwa ló ń rò pé kò gbọ́.

Èmi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo tó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi. Rẹ́mọ paraku ni bàbá mi ń sọ, ṣùgbọ́n èdè tí gbogbo wa lè kà ni mo máa fi kọ ọ́.

Wọ́n ní ọkọ mi dé, ó kí Ọ̀gá bó ṣe máa ń kí i, ó wá bọ́ sáàárín àgbàlá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àyà kan ilẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àwọn ará Ṣímáwà mọ àdúrà bàbá mi, ẹni tó bá gbé nǹkan sórí iná a máa kọ́kọ́ lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná. Ọkọ mi wà nílẹ̀, ó ń ṣe àmín, orí rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Báwo ni àgbò ṣe fẹ́ mọ̀ pé àdúrà ni? Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá tẹ orí ba níwájú rẹ, ìjà ló ń fẹ́. Àgbò náà bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀yìn rìn. Ọkọ mi rí i, ó sì sọ fún bàbá mi pé, ẹ wò ó, ó ń yàgò fún mi. Ẹni tó mọ òwe tó báyìí, kò rántí pé àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde dórí orúnkún ni okùn já. Àgbò kàn án lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, ọkọ mi sì fìdí lélẹ̀.

Bàbá mi sáré mú ẹran. Ọkọ mi gbọn aṣọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní eré ni, kò sí nǹkan. Ìkọ́kọrẹ́ dé, ó tọ́ ọ wò, ó ní òun máa gbé ìyókù lọ sílé. Kó tó kúrò, ó bẹ bàbá mi pé kí ọ̀rọ̀ àgbò má ṣe dé Mákùn. Ojú ti bàbá mi náà. Ọkùnrin méjèèjì bá pa ẹnu pọ̀.

Ohun tí àwa rí nílé ni ọkọ kan tó fi ọwọ́ ti ìhà. Ó ní òun jẹun jù ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i nílé títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó bì. Ó ní èjìká ọ̀tún ń ro òun, ìyá rẹ̀ sì fi òrí ra á níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ kan ikùn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó fúyẹ́, ó ń lọ sí Sàbó, ó ń fa ọ̀rọ̀ obì. Mo gbàgbé pé ó ṣe é rí.

Ibi tí mo gbàgbé sí ni nǹkan wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀. Kò fẹ́ oúnjẹ mọ́. Ẹyin ojú rẹ̀ wá di ìyeyè. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi àgbo. Gbogbo ilé ní ibà pọ́njú ni, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ìyá rẹ̀ se àgbo nínú ìkòkò ńlá, ewé dóńgóyárò, èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ohun tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọkọ mi tí kì í lè gbé kíníìnì mì kí ó má ké sí mi, ó ń mu àgbo ní ife-ife láì fajú ro. Ìyẹn ló yẹ kó jẹ́ kí n fura. Èmi ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti dàgbà.

Apá rẹ̀ ń tín-ín-rín, ikùn rẹ̀ sì ń tóbi. Okùn ṣòkòtò kò tó ó so mọ́. Àwọn ìyàwó ilé ní ọkọ àwọn ti lóyún, wọ́n ń bá a wá orúkọ. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń fi ọwọ́ di ikùn mú bó ti ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí ìyá mi fi ìkọ́kọrẹ́ rán ẹnì kan sí i, tí mo ṣí abọ́ níwájú rẹ̀, tó sì yí ojú sí ògiri, ọjọ́ náà ni ẹ̀rù bà mí. Mo wo àwọn ìbejì tí wọ́n ń fa aṣọ lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ọkùnrin yìí ń lọ. Mo wá mọ́tò, èmi àti ìyá rẹ̀ gbé e, ó di ilé ìwòsàn ńlá.

Dókítà tó gbà wá kò tíì pọ̀ lọ́jọ́ orí, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó wo ojú, ó tẹ ikùn, ó kan ikùn pẹ̀lú ìka bí ẹni ń kan ìlẹ̀kùn. Ó bi ọkọ mi bóyá ó ń mu ògógóró. Ó ní rárá. Ó bi í bóyá nǹkan gbá a níkùn, bóyá ó ṣubú lórí igi, bóyá ó bá ẹnikẹ́ni jà. Ọkọ mi ní rárá. Èmi gan-an bá a gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ní ọkọ mi kì í jà, ìyá rẹ̀ sì mi orí pé òótọ́ ni.

Dókítà wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní bí ojú bá pọ́n, tí omi sì gba inú ikùn, ẹ̀dọ̀ ló máa ń ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀, tí òun bá fi ọ̀bẹ kàn án, ọ̀bẹ náà lè pa á. Bó bá sì jẹ́ pé nǹkan ló ya nínú rẹ̀, tí òun kò bá fi ọ̀bẹ kàn án, kò ní pẹ́ tí yóò fi kú. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú wò ó. Ẹ̀rọ ní omi wà níbẹ̀, kò sọ irú omi tó jẹ́. Dókítà bá mú abẹ́rẹ́ gígùn kan, ó fi gún ìhà ikùn rẹ̀, ó rọra fà á.

Mo mọ àwọ̀ ohun tó jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tú adìyẹ rí mọ̀ ọ́n. Àpò kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀dọ̀, tó ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ máa pọ́n. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣì, tó bẹ́, ọbẹ̀ ọjọ́ náà ti bàjẹ́, ìyá mi á sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá ọ lórí. Òróòro ni. Òun ló kún inú abẹ́rẹ́ yẹn.

"Omi òróòro nìyí," ni dókítà wí. "Inú àpò rẹ̀ ló yẹ kó wà, kì í ṣe inú ikùn. Kò lè ṣàdédé jáde. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ìyẹn táífọ́ọ̀dù, lè dá àpò náà lu, òkúta lè wà nínú rẹ̀, nǹkan sì lè ti gbá a. Ẹ bá mi rántí, ọ̀gá. Ṣé kò sí ohun tó gbá yín?"

Ọkọ mi wo ìyá rẹ̀. Ó ní kò sí.

Ibi tí dókítà dúró sí nìyẹn, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, tí bàbá mi fi wọlé láti Ṣímáwà. Wọ́n ti sọ fún wọn pé ibà ni, ibà ni wọ́n wá kí. Ẹ wá wo ọkọ mi. Omi ń kán sí i lápá, ikùn rẹ̀ rí bí ìlù, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Ó ká aṣọ kúrò lára, ó sọ ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?" ni dókítà bi í.

"Àna mi ni. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀."

Bàbá mi na ọwọ́ méjèèjì. "Má dọ̀bálẹ̀ fún mi mọ́, mo bẹ̀ ọ́. Èyí tí o ṣe lọ́jọ́sí, ṣé àgbò jẹ́ kó parí?"

Dókítà yí padà.

"Àgbò wo, Bàbá?"

Bàbá mi wo ọkọ mi. Ọkọ mi ń wo fáànù tó wà lókè, fáànù náà kò sì yí, kò síná. Nígbà tí bàbá mi rí i pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gba òun sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ tán: ẹran, okùn, àdúrà, gbogbo rẹ̀. Dókítà ní níbo gan-an ló ti kàn án. Bàbá mi fi ọwọ́ lé abẹ́ ìhà ọ̀tún ara wọn.

"Ṣé ó ti jẹun kó tó wá kí yín?"

Èmi ló dáhùn. Mo ní láti àná ọjọ́ náà kò fi nǹkan kan ẹnu, ìkọ́kọrẹ́ ló ń fi ikùn dè.

Dókítà mi orí. Ó ní bí èèyàn bá jẹun, òróòro á tú omi rẹ̀ sórí oúnjẹ, àpò rẹ̀ á rọ̀. Bí kò bá jẹun, àpò náà á kún, á le tantan bí omi inú ọ̀rá tí wọ́n di lẹ́nu. Tó bá kún báyìí, tí nǹkan sì gbá a, bíbẹ́ ló máa bẹ́. "Ká ní ó ti jẹ ẹ̀bà díẹ̀ nílé ni," ni ó wí, "bóyá àpò náà ì bá má bẹ́."

Ìyá ọkọ mi wá bọ́ síwájú.

"Mo sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó," ni wọ́n wí. "Mo ní ọmọ mi kò lè gbààwẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Dókítà ti sọ fún wa pé ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn, pé omi náà ti ń jẹ ẹ́ nínú, pé òun á ṣe tòun. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo tó wà níta, bàbá mi lápá kan, ìyá ọkọ mi lápá kejì, èmi láàárín. Láti ọdún tí mo ti wọ ilé wọn, wọn kò jókòó pọ̀ rí tó bẹ́ẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹ ti mọ àdúrà wọn. Ìyá ọkọ mi ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀ pátá, wọn kò fo ọ̀kan. Nígbà tí bàbá mi dákẹ́, àwọn náà dá orin lóhùn jẹ́jẹ́, bàbá mi sì ń mi ẹsẹ̀ sí i. Bí mo bá ní kí n rẹ́rìn-ín, ẹkún ló ń bọ̀.

Ìgbà tí dókítà jáde, ó ti bọ́ fìlà, irun rẹ̀ rin fún òógùn. Ó ní ọkọ mi wà láàyè. Ó ní òróòro náà ya nídìí, ẹ̀dọ̀ bó díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n ìyẹn ti san fúnra rẹ̀. Ó ní àpò tó ya bẹ́ẹ̀ kò ṣeé lẹ̀, òun gé e kúrò, òun di ẹnu ibi tó ti ń mu omi, òun fọ ikùn rẹ̀ mọ́ tónítóní, òun sì fi rọ́bà kan sí i níhà tí ìdọ̀tí tó bá kù yóò máa gbà jáde.

Ìyá ọkọ mi bi í bóyá èèyàn lè wà láìní òróòro. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi náà, àpò kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni, láti ìsinsìnyí lọ omi á máa gba inú ìfun lọ tààrà. Bàbá mi ní àwọn ti gbọ́ ọ. "Oko ṣì wà," ni wọ́n wí. "Àká la wó."

Lẹ́yìn tí rọ́bà ti kúrò, tó lè jókòó, tí ojú rẹ̀ ti ń funfun bọ̀, mo bi í léèrè ohun tó gbé e dé ibẹ̀. Mo ní dókítà bi ọ́, o ní rárá, ó tún bi ọ́, o ní rárá. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣé o kò gbọ́ irú òwe bẹ́ẹ̀ rí? Ó yí ojú sí mi.

"Ìyá Ìbejì, kí ni mo fẹ́ wí fún màmá mi? Pé mo lọ kí bàbá rẹ, wọ́n fi ẹran kàn mí padà?"

"O wá fẹ́ kú sí i?"

"Mi ò mọ̀ pé ikú ni," ni ó wí. "Mo rò pé ìtìjú ni."

Mo bu omi fún un.

Àwọn ìyàwó ilé rí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá fẹ́ bínú nílé, wọ́n á ní kí ló fẹ́ fi bínú, ṣebí wọ́n ti yọ òróòro. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ṣímáwà pé bí Iléyá bá dé, kí wọ́n bá àwọn fi orí àgbò náà ránṣẹ́, kí àwọn rí ẹni tó na ọkọ àwọn. Ìyá ọkọ mi náà kò gbẹ́yìn. Ọjọ́ tí bàbá mi wá kí wa nílé, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé omi fún bàbá mi, wọ́n sì wí pé, "Ẹ kú ìtọ́jú ẹran o. Ó hàn pé ẹ ò fi ebi pa á."

Láti ilé ìwòsàn ni bàbá mi ti fẹ́ lọ pa àgbò náà, ọkọ mi ló bẹ̀ wọ́n. Ó ní òun ló kọ́kọ́ fa ìjà, kí wọ́n jẹ́ kó pé ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tí Iléyá dé, wọ́n gbé itan kan wá. Dókítà ti ní kó ṣọ́ra fún ọ̀rá fún ìgbà díẹ̀ ná, mo sì yọ ọ̀rá kúrò, mo gé ẹyọ kan fún un. Ó jẹ ẹ́ títí, bí ẹni tó ń parí ẹjọ́.

Ó pẹ́ kó tó tún lọ sí Ṣímáwà. Lọ́jọ́ tó máa lọ, mo gbé ẹ̀bà síwájú rẹ̀, mo dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán, mo sì bá a lọ. Bàbá mi ti ní àgbò mìíràn lábẹ́ igi ọsàn, kékeré ni, ìwo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò pe ẹnikẹ́ni ní Ọ̀gá.

Bàbá mi dìde lórí àga. Wọ́n rìn lọ sí ìdí igi, wọ́n mú ìwo méjèèjì ẹran náà, wọ́n fi orúnkún ti í mọ́ra.

"Ó yá, àna mi," ni wọ́n wí. "Mo ti dì í mú."

Ọkọ mi fi ọwọ́ kan di ìhà mú, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó na gbalaja. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Bàbá mi sì gbàdúrà fún un láti ibi tí wọ́n ti di ẹran mú. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn, mi ò gbọ́ kí wọ́n gbàdúrà tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí.